Kéèkì Aláwọ̀ Mẹ́ta fún Táyéwò

Bí Hàbíbátù ṣe dojú abọ́ páànù náà dé orí àtẹ báyìí ni kéèkì aláwọ̀ ewé já sí méjì. Ìdajì bọ́ sílẹ̀, ìdajì lẹ̀ mọ́ ìdí abọ́ bí ìrẹsì tó jóná. Ooru ṣì ń ti inú rẹ̀ jáde, òórùn bọ́tà gba gbogbo ilé ìdáná kan. Ó dúró, ó kàn ń wò ó.

“Ó ṣe o!” ni Agnes wí láti ẹnu ọ̀nà. “Ṣebí mo ní kí ẹ jẹ́ kó tutù ná, Ìyá Táyé.”

Aládùúgbò rẹ̀ ni Agnes, ará ìjọ Aládùúrà tí kì í wọ bàtà bó bá ti gbé aṣọ funfun rẹ̀ wọ̀. Ọkọ rẹ̀ ń dáná nínú ọkọ̀ òkun, òun ló kó ìgò àwọ̀ kéékèèké náà ti ìlú òyìnbó bọ̀: pupa, àwọ̀ ewé, àwọ̀ ìyeyè. Agnes fúnra rẹ̀ ló kọ́ Hàbíbátù bí wọ́n ṣe ń po bọ́tà mọ́ ṣúgà títí yóò fi funfun, bí wọ́n ṣe ń da iyanrìn sí ìsàlẹ̀ ìkòkò irin kí wọ́n tó gbé abọ́ kéèkì kà á, tí wọ́n á wá kó ẹ̀yinná lé ọmọrí. Kò kúkú sí iná mànàmáná ní Ẹ̀gbẹ́dá nígbà náà. Owó epo rọ̀bì ti dé, ilé tuntun ń hù láàárín oko ẹ̀gẹ́ bí olú, ọkọ̀ sìmẹ́ǹtì ń rì sínú ẹrẹ̀ lójoojúmọ́, àmọ́ òpó iná kò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn.

“Ẹyin ṣì kù,” ni Hàbíbátù wí.

“Ẹ yáa tún òmíràn ṣe, jàre. Àmọ́ bí ẹ bá fi méjì péré lé ara wọn, ọmọ yẹn ò lè mọ̀ o.”

“Èmi á mọ̀.”

Agnes rẹ́rìn-ín, ó ṣẹ́ aṣọ rẹ̀ sókè kúrò nínú ẹrẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ọjọ́ ìtúnu ààwẹ̀ ni. Nùrẹ́nì, ọkọ Hàbíbátù, ti tẹ̀ lé àwọn ọkùnrin àdúgbò lọ sí Yídì. Bíríkìlà ni, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Kó tó jáde ló dúró létí ilé ìdáná tó wo àwọn abọ́ tó tò sílẹ̀. “Má fọkàn sí i jù,” ló wí. “Ọmọ á ti dàgbà.” Hàbíbátù ń lu ẹyin rẹ̀ lọ.

Ọlọ́run kò fún Hàbíbátù ní ọmọ inú. Sìdíkátù, àbúrò Nùrẹ́nì, ló bí ìbejì, obìnrin méjèèjì, àìsàn sì dá a dùbúlẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ. Ni wọ́n bá gbé Táyéwò, èyí tó kéré jù, tí wọ́n tilẹ̀ rò pé kò ní yè, fún Hàbíbátù. Ó fi omi ọ̀gì wò ó. Ó pọ̀n ọ́n títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi gbàgbé bí ó ṣe ń wà láìsí ọmọ lórí rẹ̀. Ọmọ náà yè, ó ń pè é ní Màámi, gbogbo ayé sì ń pè é ní Ìyá Táyé.

Àfi ìgbà tí òwò sìmẹ́ǹtì bọ́ sọ́wọ́ ọkọ Sìdíkátù, tí wọ́n kó lọ sí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Sùúrùlérè. Wọ́n wá mú ọmọ wọn. Wọ́n ní kò yẹ kí ìbejì máa gbé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n jọ máa lọ sílé ìwé. Kí ni ìyàwó ilé fẹ́ wí sí i? Sìdíkátù ti wà nínú ilé kí wọ́n tó gbé Hàbíbátù wọlé ọkọ. Kò tilẹ̀ gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀, Eyínfúnjowó ló ń pè é. Ó di ẹrù ọmọ náà, ó rọ ẹ̀pà yíyan sí i, ó sìn wọ́n dé ojú títì. Ó di ọdún kejì báyìí, Táyéwò kò tíì wá. Ọdún yìí ni Sìdíkátù tó ránṣẹ́ pé òun ń kó àwọn ìbejì bọ̀.

Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Òwe yìí máa ń wá sí i lọ́kàn lọ́sàn-án, bí ilé bá pa rọ́rọ́. Èwo wá ni ọmọ ẹni? Èwo ni ti ẹlòmíràn? Òun fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí Táyéwò, ìlẹ̀kẹ̀ gidi, kí ọmọ náà tó mọ ìrìn.

Ó po fúláwà tuntun. Apá ń ro ó, kò sinmi. Ní ọdún kan tí ọmọ náà ṣì kéré, wọ́n jọ lọ sí Èkó, ó rí kéèkì kan lẹ́yìn gíláàsì ṣọ́ọ̀bù, aláwọ̀ mẹ́ta, ọ̀kan lé orí èkejì. “Màámi, ta ló ká aṣọ yẹn?” ló béèrè. Hàbíbátù ní kì í ṣe aṣọ, oúnjẹ ni. Ọmọ náà ronú títí. “Ẹ ṣe é fún mi.” “Màá ṣe é fún ọ.” Nígbà yẹn, Hàbíbátù kò tíì mọ ohun tí wọ́n fi ń ṣe é.

Ó fi ẹyọ ìgbálẹ̀ gún kéèkì náà láàárín. Ìgbálẹ̀ jáde láìlẹ́gbin. Lọ́tẹ̀ yìí, ó jókòó tì í lórí àpótí títí ó fi tutù. Yàrá mẹ́fà ni Nùrẹ́nì kọ́ sílé yẹn, àwọn méjì ló sì ń gbé inú rẹ̀. Bí ó bá húkọ́, ògiri á dá a lóhùn.

Ó tò wọ́n léra. Pupa nísàlẹ̀, ewé láàárín, ìyeyè lókè, ó fi ṣúgà lílọ̀ tó funfun bí ẹfun rẹ́ àárín wọn. Ó sún sẹ́yìn wò ó. Ó rẹwà dé ibi pé ó fẹ́ pe ẹnì kan wá wò ó, kò sì sí ẹni tí yóò pè.

Nùrẹ́nì ti dé láti Yídì, ó ń bọ́ agbádá rẹ̀, nígbà tí ọkọ̀ Pìjó kan fọn fèrè lójúde. Hàbíbátù sáré jáde tòun ti ṣúgà lọ́wọ́. Ọmọbìnrin méjì ló sọ̀ kalẹ̀. Léèsì kan náà, irun dídì kan náà, yẹtí kan náà. Kò ṣẹlẹ̀ sí i rí pé kó ní láti yà wọ́n sọ́tọ̀. Ọ̀kan ṣoṣo ló máa ń wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Èyí tó wà níwájú rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i.

“Táyé! Táyé mi! Ọmọ mi!” Ó ti gbá a mọ́ra, ó ti gbé e kúrò nílẹ̀, omijé ti bọ́.

Ọmọ náà le gbagidi mọ́ ọn láyà. “Ẹ má bínú, mà,” ló wí wẹ́lẹ́. “Kẹ́hìndé ni mí.”

Hàbíbátù gbé e kalẹ̀. Èkejì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó gbé kúlà oúnjẹ mọ́ àyà. Kò bínú, kò fajúro. Ó kàn ń dúró bí ẹni tó ń retí kí omi kàn án nídìí ẹ̀rọ. Ó gbé kúlà sílẹ̀, ó kúnlẹ̀. “Ẹ kú ọdún, mà.”

Mà. Kì í ṣe Màámi.

“Ta ni wọn kì í dàrú mọ́ lójú?” Sìdíkátù ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ó bú sẹ́rìn-ín kí ọ̀rọ̀ náà lè fò kọjá. “Ìyàwó wa, ẹ kú ọdún o!”

“Ẹ kú ọdún, Eyínfúnjowó.” Hàbíbátù gbá Táyéwò náà mọ́ra. Àmọ́ gbogbo agbára tó fi ọdún méjì kó jọ, ó ti ná an sórí ẹni tí kò ni ín.

Nínú pálọ̀, kéèkì náà gba ìyìn. Nùrẹ́nì wò ó, ó wo ìyàwó rẹ̀, ó ní “Áà!” Kẹ́hìndé pariwo nígbà tí wọ́n gé e tí àwọ̀ mẹ́ta náà yọ, ó jẹ tirẹ̀ tán, ó tún béèrè. Sìdíkátù ní irú rẹ̀ ni wọ́n gbé kalẹ̀ níbi ayẹyẹ kan ní Ìkòyí, pé ti ibẹ̀ yẹn tilẹ̀ ga ju ènìyàn lọ. Kò fi ibi sọ ọ́. Táyéwò rọra ń jẹ tirẹ̀, ó ń fi ọwọ́ kejì gba ẹ̀rún rẹ̀ kó má baà dà sílẹ̀.

“Ṣé o rántí ọjọ́ tí a rí i lẹ́yìn gíláàsì?” ni Hàbíbátù bi í. “Tí o bi mí pé ta ló ká aṣọ yẹn?”

Ọmọ náà di ojú, ó gbìyànjú gan-an. “N ò rántí, mà.”

“Kò burú. O ṣì kéré nígbà yẹn.”

Ó kó àwo, ó kọjá sí ilé ìdáná, ó bẹ̀rẹ̀ sí fọ àwo tó mọ́. Kò pẹ́ tó fi gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Táyéwò ni. Ó gba àwo lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń nù ún.

“Ẹ má jẹ́ kó dùn yín,” ni ọmọ náà wí, láìwo ojú rẹ̀. “Màmi gan-an máa ń ṣì wá pè. Àná báyìí, èmi ni wọ́n pè ní Kẹ́hìndé.”

“Àná?”

“Ẹ̀ẹ̀mejì.”

Irọ́ ni. Hàbíbátù mọ̀ bó ṣe ń gbọ́ ọ. Sìdíkátù kì í ṣi ọmọ rẹ̀ pè. Láti pálọ̀ lọ́hùn-ún ni ohùn rẹ̀ ti ń wá, “Kẹ́hìndé, nu ẹnu rẹ”, láìyíjú wò. Ọmọ tí òun tọ́ kì í lè parọ́ nígbà kan. Bó bá jí ẹran jẹ, ẹkún ló fi ń jẹ́wọ́. Èyí tó dúró yìí mọ irọ́ tí à ń pa fún aláìsàn, fún ẹni tí ọgbẹ́ rẹ̀ kò ṣeé fọwọ́ kàn. Ó ti kọ́ àánú, ibòmíràn ló sì ti kọ́ ọ.

“O ṣeun, ọmọ mi,” ni Hàbíbátù wí.

Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, wọ́n múra àtilọ nítorí ojú ọ̀nà tí kò dára. Pìjó náà yí padà láàárín ẹrẹ̀, ó dorí kọ Ìpájà. Ọwọ́ méjì jáde lójú fèrèsé ẹ̀yìn, ọwọ́ méjì tó jọra, wọ́n ń juwọ́ sí i. Hàbíbátù kò wá èyí tí í ṣe ti Táyéwò. Ó gbé ọwọ́ tirẹ̀ sókè, ó juwọ́ sí àwọn méjèèjì.