Iye Orí Ìlà Kẹtàdínlógún

Láti àárọ̀ ni Tún-un-kà kò ti lè fìdí kalẹ̀. Ó jókòó, ó dìde. Ó sọ̀kalẹ̀ àtẹ̀gùn bí ẹni tó fẹ́ lọ ra nǹkan, ó dé ìsàlẹ̀, ó gbàgbé ohun tó fẹ́ rà, ó tún gòkè padà. Tíì tó pò ti tutù lórí tábìlì. Ní aago mẹ́ta ọ̀sán, ọ̀gá rẹ̀, àgbà ọ̀jọ̀gbọ́n físíìsì tí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ń pè ní Bàbá Onígíláàsì, máa sọ ọ̀rọ̀ ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló fẹ́ sọ: pé ìṣirò tí òun àti Tún-un-kà fi ọdún mọ́kànlá ṣe ti parí, òdo ló já sí.

Ẹ má fojú kéré òdo o. Òfin kan nípa òòfà tó ń fa gbogbo nǹkan ayé mọ́ra ni wọ́n ń yẹ̀ wò. Òfin náà kò mọ ńlá, kò mọ kékeré. Fẹ ayé tóbi tàbí kí o sún un kì, kò ní yí padà. Lórí ìwé, ó dùn. Ṣùgbọ́n tí a bá ka ìgbọ̀nrìrì àwọn ohun tíntín tí ojú kò lè rí mọ́ ọn, oríṣi kọ̀ọ̀kan á mú iye tirẹ̀ wá, àwọn kan á fi kún un, àwọn kan á yọ kúrò. Tí gbogbo wọn bá pa ara wọn rẹ́, òfin yè. Tó bá ṣẹ́ ku ohun tó kéré bí èérún, ó kú nìyẹn, kò sí ẹ̀bẹ̀.

Ìdí nìyí tí bàbá fi ṣòfin tirẹ̀ náà: kálukú á dá ìṣirò rẹ̀ ṣe, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ yọjú wo ìwé ẹnì kejì títí wọn á fi parí. Ó máa ń sọ pé ẹlẹ́rìí méjì tó bá ti kọ́kọ́ jọ sọ̀rọ̀, ẹlẹ́rìí kan ni wọ́n.

Tún-un-kà yọjú. Ìlà kẹtàdínlógún ló kù fún un, ó sì lè gbà tó oṣù kan. Ó ti fi pẹ́ńsù kọ iye tí yóò mú kí gbogbo rẹ̀ já sí òdo síbẹ̀ tipẹ́, kó kàn fi di àyè mú, bí èèyàn ṣe ń fi báàgì di àga mú fún ọ̀rẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ara ọmọ rẹ̀ obìnrin gbóná janjan. Bàbá lọ jẹun ọ̀sán, ìwé rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu. Tún-un-kà wò ó: iye kan náà! Ó fi báírò tẹ orí pẹ́ńsù, ó sáré lọ bá ọmọ. Ara ọmọ ti yá. Tún-un-kà tó jẹ́ ìyá ni ara rẹ̀ kò lélẹ̀ láti ìgbà náà.

Ó wá ń jí ní ìdájí, ó ń ṣe ìlà náà fúnra rẹ̀ nínú ilé ìdáná. Àárọ̀ òní ló parí rẹ̀. Ó tún un kà, orúkọ rẹ̀ kúkú nìyẹn. Kì í ṣe iye yẹn. Nǹkan ṣẹ́ kù.

Nígbà tí aago méjì kọjá díẹ̀, ó kan ilẹ̀kùn. Bàbá ń wá táì rẹ̀ lábẹ́ ìwé.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìlà kẹtàdínlógún... Mo yọjú wo ìwé yín. Ọmọ mi ń ṣàìsàn. Iye yín ni mo kọ, mi ò ṣe é rárá. Ẹ má bínú sà."

Ó ń retí kí bàbá pariwo. Àgbàlagbà náà rọra jókòó.

"Iye mi kẹ̀?" ló wí. "Ìyá, èmi náà ò ṣe é. Ojú ń ro mí lóṣù tó kọjá. Mo wọ yàrá rẹ, o ò sí ńbẹ̀, mo rí i nínú ìwé rẹ. Mo ní ọmọ yìí kì í fiṣẹ́ ṣeré. Mo bá kọ ọ́."

"Bàbá, pẹ́ńsù ni mo fi kọ ọ́!"

"Ojú tèmi yìí ló fẹ́ mọ pẹ́ńsù yàtọ̀ sí báírò?"

Ẹ̀rín bú sí Tún-un-kà lẹ́nu, omijé sì tẹ̀lé e. Ọdún mọ́kànlá, títí di àárọ̀ òní kò sì sí ẹnì kan láyé yìí tó ṣírò ìlà náà.

"Mo ti wá ṣe é báyìí sà, ó..."

"Má sọ ọ́!" Bàbá yọ gíláàsì rẹ̀ kíá, ó tì í bọ àpò. "Má jẹ̀ẹ́ kí n rí ojú ẹ. Ojú ẹ ò mọ irọ́ pa. Ṣáà jẹ́ kí èmi náà ṣe tèmi."

Ní aago mẹ́ta, ó dúró níwájú gbogbo èèyàn, ó ní òun àti Tún-un-kà ti wo ìwé ara wọn, iṣẹ́ kò tíì parí. Àwọn kan kùn, àwọn kan kó ìwé wọn dìde. Ìtìjú mú Tún-un-kà, kò mọ ibi tó máa wò.

Láti ọjọ́ kejì ni bàbá tó ti fẹ̀yìn tì ti ń wá ní aago mẹ́jọ, ó gba yàrá kékeré tó wà ní ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀. Tó bá fẹ́ kọjá níwájú ilẹ̀kùn Tún-un-kà, á yọ gíláàsì, á máa fọwọ́ tọ ògiri lọ.

"Ẹ káàárọ̀ sà."

"Káàárọ̀, ìyá. Ó ń lọ dáadáa o! Ó kù díẹ̀."

Tún-un-kà á wá jókòó, á dìde, á tún jókòó. Látìgbà tó ti gbọ́njú, kò gbàdúrà kankan tó le tó ti ìsinsìnyí: kí Ọlọ́run jọ̀wọ́ jẹ́ kó jẹ́ òun lòun ṣì í kà.