Bí Ṣìfáwù àti Ẹ̀rọ Ìtẹrin Ṣe Lọ sí Ọ́fíìsì Ojú Òfuurufú

Ẹ súnmọ́ mi dáadáa kí n rọ́ àlá kan fún yín. Èmi kọ́ ni mo lá a o. Ṣìfáwù, obìnrin mẹkáníìkì, ló lá a, ní ọ̀sán gangan ọjọ́ Jímọ̀, lórí ẹní tó tẹ́ sábẹ́ igi màǹgòrò nínú ọgbà àwọn mẹkáníìkì ní Ìṣẹ́yìn. Òun fúnra rẹ̀ ló rọ́ ọ fún mi. Bó ṣe ń rọ́ ọ ló ń dìde, ló ń jókòó, inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbàgbé omi tó bù fún mi sọ́wọ́ ara rẹ̀.

Kí ẹ tó lè gbádùn àlá náà, ó yẹ kí ẹ mọ ohun tó gbé lọ́kàn kí ó tó sùn. Bẹ́árìn àti búṣì ọkọ̀ ni iṣẹ́ Ṣìfáwù. Ọwọ́ bàbá rẹ̀ ló ti kọ́ ọ. Bẹ́árìn yìí, irin róbótó tí táyà fi ń yí, nínú ihò irin tó máa ń wà, ó lè há bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Ọdún mẹ́rìndínlógún gbáko ni Ṣìfáwù ti ń fi òòlù lù ú jáde, èjìká ọ̀tún rẹ̀ sì ti ń dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́. Ohun tí àwọn tó rí ṣe nínú iṣẹ́ náà máa ń lò ni ẹ̀rọ ìtẹrin. Férémù irin gíga ni, ó dúró bí ẹnu ọ̀nà tí kò ní ilé. Ìgò irin kan tó kún fún ọ́ìlì wà lókè rẹ̀. Bí èèyàn bá ń fa apá rẹ̀ sókè sódò, ọ́ìlì á ti ọ̀pá kan wálẹ̀ jẹ́jẹ́, ọ̀pá náà á sì fi agbára tí ogún ọkùnrin kò ní tẹ bẹ́árìn jáde.

Ọ̀kan ṣoṣo tí Ṣìfáwù rí rà ni ti Bàbá Bádírù, àgbà mẹkáníìkì tí ojú rẹ̀ kò ríran mọ́. Ọdún mẹ́jọ ni ẹ̀rọ náà ti wà lẹ́yìn ilé bàbá, òjò ń pa á, adìẹ ń sùn lórí rẹ̀. Nígbà tí Ṣìfáwù lọ bá a, bàbá ní kó mú ọwọ́ wá. Ó fi àtàǹpàkò pa àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

"Ọwọ́ yìí le," ni bàbá wí. "Ìwọ ni n ó tà á fún. Àwọn tó ń ra irin àlòkù lọ yọ́ ti wá síbí títí, mo ní wọn kò ní yọ́ ọ̀rẹ́ mi lójú ayé mi. Ṣùgbọ́n kó o tún un ṣe o. Má lọ fi ṣe ibùsùn adìẹ bíi tèmi."

Ṣìfáwù ṣèlérí. Ó ha gbogbo ibi tó ti dógùn-ún, ó kùn ún ní ọ̀dà aláwọ̀ ewé, ó pààrọ̀ rọ́bà tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì jò, ó rọ ọ́ìlì tuntun sí i. Ó wá fa apá rẹ̀. Apá náà rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀ bí ìrù àgùntàn. Ọ̀pá kò mira. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi tú u, tó fi tò ó, ọ̀pá kò mira. Àwọn tó ti ń ṣọ́ ọ wá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín sínú. Alága ọgbà, Tìámíyù, kò tilẹ̀ rẹ́rìn-ín sínú, ìta ló rín tirẹ̀ sí.

"Ṣìfáwù, ọgbà yìí kì í ṣe itẹ́ òkú irin," ló wí. "Bí ọjọ́ Ajé bá dé tí nǹkan yìí kò tíì tẹ ohunkóhun, wàá gbé e jáde. Bí o kò bá gbé e, àwọn alálòkù á bá ọ gbé e."

Ìyẹn ni ó wà lọ́kàn rẹ̀ nígbà tí àwọn ọkùnrin lọ kí Jímọ̀, tí ọgbà dákẹ́, tí ó sì na ẹ̀yìn kalẹ̀ díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ náà. Oorun gbé e lọ.

Ohun tó kọ́kọ́ gbọ́ ni ẹni tó ń húkọ́.

"Ṣìfáwù, dìde," ni ẹ̀rọ náà wí. "Wọ́n ti ń pè wá ní ọ́fíìsì."

Kò ya Ṣìfáwù lẹ́nu. Ohun kan ṣoṣo tó kọ ọ́ lóminú ni èdè tí yóò fi dá a lóhùn. Ó ṣírò ọjọ́ orí ẹ̀rọ náà lọ́kàn, ó rí i pé ó ti wà níṣẹ́ kí wọ́n tó bí òun. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ káàsán, sà. Ṣé kí n pààrọ̀ aṣọ? Gírísì ló kún eléyìí."

"Má pààrọ̀ nǹkan kan. Èmi náà nìyí, ọ̀dà ara mi kò tíì gbẹ."

Wọ́n dá ọ̀kadà dúró. Ẹ̀rọ náà jókòó sẹ́yìn, ó fi ẹsẹ̀ irin rẹ̀ méjèèjì gbá ọlọ́kadà mọ́ra. Orí táǹkì ni Ṣìfáwù jókòó sí, ó ń bá ọlọ́kadà ṣọ́ ọ̀nà. Bí wọ́n ṣe ń lọ ni àwọn èèyàn ń sáré jáde láti ojúlé wọn, nítorí wọ́n rò pé ẹnu ọ̀nà ló ń kọjá.

"Ẹ jọ̀wọ́, ṣé ẹnì kan wà nílé?" ni wọ́n ń béèrè.

Obìnrin kan tó ru agbọ̀n ata kò tilẹ̀ béèrè. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gba àárín ẹ̀rọ náà wọlé, kò sì jáde ní òdì kejì. Ṣìfáwù fi tó ọlọ́kadà létí.

"Ẹ má da ara yín láàmú, àǹtí," ni ọlọ́kadà wí. "Yóò bọ́ sílẹ̀ níwájú."

Nígbà tí wọ́n dé etí omi ńlá Ìkéré, ọ̀kadà ní ó ti rẹ òun, ó sì di bẹ́ǹṣì ilé-ìwé. Ọlọ́kadà ń wà á lọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n rìn lórí omi títí wọ́n fi dé abẹ́ ọ́fíìsì náà. Ó ń léfòó lókè, ó ní fèrèsé, ó ní àga, ó ní òdòdó nínú ìkòkò. Okùn tí wọ́n fi so ó wà ní ọrùn ọwọ́ apẹja kan tó jókòó sínú ọkọ̀ ojú omi, ó ń jẹ gúgúrú.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa fà á wálẹ̀ díẹ̀," ni Ṣìfáwù bẹ̀ ẹ́.

Apẹja fi eyín di gúgúrú mú, ó fà á wálẹ̀ bí ẹni ń fa ẹran tó ń jẹ̀. Wọ́n wọlé.

Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri pé: Ọ́FÍÌSÌ ÌJỌBA FÚN OHUN GBOGBO TÓ Ń TẸ NǸKAN. Èrò ti tò sílẹ̀. Áyọ́ọ̀nù eléèédú wà níwájú, òǹtẹ̀ kékeré kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń tẹ ara rẹ̀ mọ́ gbogbo ẹni tó bá kọjá, lẹ́yìn rẹ̀ ni bàtà ńlá kan tó dá wá. Tìmùtìmù kan wà nílẹ̀ tó ń sunkún.

"Wọ́n ní mi ò kì í ṣe ti ibí," ló ń wí. "Wọ́n ní èmi kì í tẹ nǹkan, èmi ni wọ́n ń tẹ̀."

"Ẹ pẹ̀lẹ́, ó máa dáa," ni Ṣìfáwù wí, ó sì jókòó lé e lórí títí ó fi kàn wọ́n.

Akọ̀wé Àgbà jẹ́ ọkùnrin tó sanra, bíírò mẹ́ta ló wà létí rẹ̀ kan náà. Ó wo ẹ̀rọ náà láti òkè délẹ̀.

"Kí ni eléyìí ti tẹ̀ láti àárọ̀?"

"Kò tíì tẹ nǹkan kan, sà."

"Kí ló dé?"

"Ohun tá a wá bi yín gan-an nìyẹn, sà."

"A kì í dáhùn ìbéèrè níbí," ni Akọ̀wé Àgbà wí. "Fáìlì la máa ń ṣí."

Ènìyàn mẹ́rin ló gbé fáìlì náà wọlé. Bí Akọ̀wé Àgbà ṣe ń ṣí i ni irungbọ̀n hù sí i lágbọ̀n. Etí rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, bíírò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jábọ́. Ìwo yọ. Kí Ṣìfáwù tó pajú pẹ́, òbúkọ ló jókòó sórí àga, ó ṣì wọ gíláàsì. Àwọn mẹ́rin tó gbé fáìlì wá náà wo ọ̀gá wọn, wọ́n sì di ewúrẹ́, nítorí kò bójú mu kí ọmọ iṣẹ́ yàtọ̀ sí ọ̀gá. Ṣìfáwù tún kúnlẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n buwọ́ lùwé fún òun kì í ṣàkíyèsí irungbọ̀n ọ̀gá.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, sà," ló wí.

"Mẹ̀ẹ́ẹ̀," ni Akọ̀wé Àgbà dáhùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ fáìlì. Ó jẹ ojú ewé kìíní, ó ní iyọ̀ rẹ̀ mọ níwọ̀n. Ó pín ojú ewé kejì fún àwọn yòókù. Nígbà tí wọ́n jẹ ẹ́ tán, ó nu ẹnu.

"Ọ̀rọ̀ yín ti wọ̀ wá nínú," ló wí. "A ti gbé e yẹ̀ wò tọkàntara. Ohun tí kò bá tẹ nǹkan, tí nǹkan kò sì tẹ̀ ẹ́, òfin ní kí a yọ́ ọ."

Ilẹ̀kùn ṣí, ìkòkò iná ńlá kan sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé. Ó kí gbogbo ilé. Ó ní, "Èwo nínú wọn ni?"

Ibẹ̀ ni ọkàn Ṣìfáwù ti fò. Gbogbo nǹkan yòókù kò yà á lẹ́nu, ṣùgbọ́n ti yíyọ́ yìí, ó ti ṣèlérí fún bàbá. Ó fò mọ́ ẹ̀rọ náà, ó dì mọ́ ọn pinpin, ọ̀dà tútù bà á lójú.

"Ẹ kò ní yọ́ ọ!" ló kígbe. "Ọ̀rẹ́ Bàbá Bádírù ni! Mo ti ha ògùn-ún ara rẹ̀ títí èékánná mi fi tán!"

Etí rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ìgò ọ́ìlì lára ẹ̀rọ náà. Ó wá gbọ́ nǹkan kan nínú lọ́hùn-ún: kùrù, kùrù, kùrù.

"Sà, kí ló ń dún nínú yín?"

Ẹ̀rọ náà fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ̀rọ̀.

"Afẹ́fẹ́ ni, ọmọ mi. Láti ìgbà tí o ti rọ ọ́ìlì tuntun sí mi ni mo ti ń fẹ́ gùnfẹ̀. Ojú ló ń tì mí láti sọ."

"Ọjọ́ mẹ́ta!"

"Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi dì í mọ́ra. Báwo ni mo ṣe fẹ́ rí agbára tẹ nǹkan?"

Ṣìfáwù bọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a ní jẹ́jẹ́, pẹ̀ẹ́, pẹ̀ẹ́, pẹ̀ẹ́. Ìkòkò iná ti ń súnmọ́ wọn. Pẹ̀ẹ́, pẹ̀ẹ́. Ẹ̀rọ náà na ọrùn, ó la ẹnu, ó sì gùnfẹ̀. Irú ìgùnfẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí ní gbogbo Òkè-Ògùn. Iná kú nínú ìkòkò. Okùn já ní ọwọ́ apẹja. Akọ̀wé Àgbà àtàwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ gba ojú fèrèsé jáde bí òwú, wọ́n ń fò, wọ́n ń ké, ìkọ̀ọ̀kan wọn di ìwé kan mú lẹ́nu. Obìnrin alágbọ̀n ata bọ́ jáde láti àárín ẹ̀rọ náà.

"Ẹ ṣé o," ló wí. "Mo ti débi tí mò ń lọ."

Ṣìfáwù la ojú. Ó ṣì ń gbọ́ ìgùnfẹ̀ náà.

Ìyàwó ọkùnrin tó ń lẹ táyà nínú ọgbà, Mùsílímátù, ló jókòó sórí táyà àlòkù lábẹ́ igi kan náà. Ó gbé ọmọ rẹ̀ jòjòló lé èjìká, ó ń gbá a lẹ́yìn. Ọmọ náà tún gùnfẹ̀, ó sì sùn.

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n, a ti jí yín," ni Mùsílímátù wí. "Bó bá ti mu ọmú báyìí, bí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kò bá jáde, kò ní jẹ́ kí aráyé sinmi."

Ṣìfáwù wo ọmọ náà. Ó wo ẹ̀rọ náà. Ó fi ọwọ́ méjèèjì lé orí.

"Èmi Ṣìfáwù!" ló kígbe. "Èmi tí mò ń yọ afẹ́fẹ́ kúrò nínú ọ́ìlì bíréèkì ọkọ̀ lójoojúmọ́!"

Ó fò dìde, kò wá bàtà. Ó mú sípánà, ó dẹ nọ́ọ̀tì kékeré tó wà lórí ìgò ọ́ìlì díẹ̀, ó sì ń fa apá ẹ̀rọ náà ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Fùùùù. Ìfófòó funfun ń hó jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ọ̀tì náà. Ó ń fà á, ó ń dúró, ó ń fà á, títí ìfófòó fi tán tí ọ́ìlì tó dá ṣáká sì ń sun jáde. Ó de nọ́ọ̀tì náà. Ó fa apá ẹ̀rọ. Ó le! Ọ̀pá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ bí ọba tó ń bọ́ lórí ìtẹ́.

Ó gbé irin ìdí táyà kan wá, èyí tí bẹ́árìn ti há sínú rẹ̀ láti oṣù kejì. Ó tò ó sábẹ́ ọ̀pá. Ó fà á lẹ́ẹ̀kan, ó fà á lẹ́ẹ̀kejì, ó fà á lẹ́ẹ̀kẹta. Irin náà kérora. Kọ̀ọ́! Bẹ́árìn já bọ́ sílẹ̀, ó ń yí lọ títí dé ẹsẹ̀ Mùsílímátù.

Ariwo tí Ṣìfáwù pa ló pàdé àwọn tó ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀ lẹ́nu géètì. Alága Tìámíyù ló kọ́kọ́ dé ìdí ẹ̀rọ. Ó mú bẹ́árìn náà, ó yí i sọ́tùn-ún sósì, ó fi ìka kan irin náà. Ó wúkọ́ díẹ̀.

"Abẹ́ òrùlé wo lo fẹ́ kí á bá ọ rì ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ sí?" ló béèrè. "Òjò ń bọ̀, kò yẹ kó wà níta."

Fóònù ti wà létí Ṣìfáwù, ó ń pe Bàbá Bádírù. Ó to irin mìíràn sábẹ́ ọ̀pá, ó gbé fóònù náà súnmọ́ ọn, ó fà á. Kọ̀ọ́!

"Bàbá, ṣé ẹ gbọ́?"

Ṣìfáwù gbọ́ tí bàbá mí kanlẹ̀.

"Mo gbọ́ ọ," ni Bàbá Bádírù wí. "Tún un tẹ̀, ọmọ mi. Mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i."