Ìje Tí Ẹnìkan Kò Gba Iwájú Màmá

Mo kọ́kọ́ bú wáyà. Mo bú òjé tí mo fi lẹ̀ ẹ́, mo bú Wáì-fáì, mo sì bú ara mi pẹ̀lú. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo fi ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe rédíò. Ẹ̀rọ kì í dójú tì mí.

Àpótí márùn-ún ni mo kàn fún Màmá àti àwọn ìyá mẹ́rin tí wọ́n jọ máa ń jókòó ní gbọ̀ngàn abúlé wa ní Sancheong, ní ilẹ̀ Kòríà, nígbà òtútù. Bọ́tìnnì mẹ́ta, pupa, yẹ́lò àti búlúù, wà lójú àpótí kọ̀ọ̀kan, kọ̀ǹpútà kékeré tí kò ju àtàǹpàkò lọ sì wà nínú rẹ̀. Ìbéèrè àti èsì mẹ́ta, àwọ̀ bọ́tìnnì kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, á jáde lójú ewé ayélujára tí mo gbé sórí tẹlifíṣọ̀n, níbi tí àwòrán ọkọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan wà. Ẹni tó bá gbà á, ọkọ̀ rẹ̀ á sún síwájú. Ẹni tó bá yára jù, tirẹ̀ á sún lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó bá ṣì í á padà sẹ́yìn.

Kì í ṣe eré lásán. Hyeong-mo ń bọ̀ láti Seoul lọ́jọ́ Sátidé láti wá mú Màmá lọ sílé ìtọ́jú arúgbó, ó ní ìgbàgbé wọn ti pọ̀ jù. Àbúrò mi ni, ṣùgbọ́n òun ni ọkùnrin, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ló ń ṣẹ. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ́kọ́ wo bí wọ́n ṣe ń dáhùn ìbéèrè. Ó gbà.

Lọ́jọ́ tí a dán an wò, ìbéèrè jáde, ó tó ìṣẹ́jú kan gbáko, ọkọ̀ kankan ò mira. Mo tú àpótí márààrún, mo tún wáyà wọn lẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, bákan náà ni. Ìgbà tí mo wo àkókò tí bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ ni ojú mi tó là: Màmá ló ń kọ́kọ́ tẹ̀ ní gbogbo ìgbà, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti rò ó pẹ́, kí àwọn yòókù tó tẹ̀.

Màmá ló dàgbà jù níbẹ̀. Ìyá Deok-bae, ọ̀kan nínú àwọn ìyá mẹ́rin náà, tí Màmá fi ọdún méjì péré jù lọ, wò mí bí ẹni wo òmùgọ̀.

"Geum-ju, ìwé tó o kà ti pọ̀ jù. Níbo lo ti rí i tí wọ́n ti ń mú ṣíbí ṣáájú ẹ̀gbọ́n?"

Mo ní eré ìje ni, kì í ṣe oúnjẹ. Wọ́n ní kí n lọ sọ fún ìje náà. Ojú tì mí gan-an, torí abúlé yìí ni wọ́n bí mi sí.

Lọ́jọ́ Sátidé, Hyeong-mo bọ́ bàtà, kò bọ́ kóòtù. Ó ti gbé àpò aṣọ Màmá sẹ́nu ọ̀nà. Màmá gba ìbéèrè mẹ́rin àkọ́kọ́, inú mi dùn débi pé ojú àbúrò mi ni mò ń wò. Ìbéèrè karùn-ún jáde: ta ló gbin igi eléso gam tó wà níwájú gbọ̀ngàn yìí? Bọ́tìnnì pupa ni orúkọ bàbá wa, ọkọ Màmá. Èmi ni mo kọ ìbéèrè náà, mo tiẹ̀ rò pé ó ti rọrùn jù.

Màmá wò ó títí. Ọwọ́ wọn dé orí pupa, ó kúrò níbẹ̀, wọ́n tẹ yẹ́lò.

Ìyá Deok-bae ló pọn omi lọ́jọ́ tí bàbá wa gbin igi náà. Síbẹ̀, yẹ́lò ni àwọn náà tẹ̀. Ìyá tó jókòó tì wọ́n tẹ yẹ́lò. Àwọn méjì tó kù náà tẹ yẹ́lò. Ọkọ̀ márààrún jọ padà sẹ́yìn.

"Ṣé a gbà á?" ni Màmá bèèrè.

"A jọ wà níbẹ̀, Ẹ̀gbọ́n," ni Ìyá Deok-bae dá wọn lóhùn.

Mo fẹ́ purọ́ pé wáyà ló já. Hyeong-mo dìde. Ó mọ ẹni tó gbin igi náà. Orí igi yẹn ló ti já bọ́ ní kékeré tí apá rẹ̀ fi kán. Ó lọ síbi àpò aṣọ náà, mo sì gbà pé ó ti parí. Ó gbé e padà wọlé.

"Àǹtí," ó sọ ọ́ sí mi létí, "níbi tí mo fẹ́ mú wọn lọ, ta ni yóò bá wọn padà sẹ́yìn?"

Màmá, tí wọn ò gbọ́ nǹkan kan nínú rẹ̀, ní kí n gbé ìbéèrè tó kàn wá.