Bírékà Tí Kò Jábọ́ Mọ́

Ẹ̀rọ tí bàbá mi fi ń mí máa ń kùn tọ̀sán-tòru. Àlejò á ní ariwo rẹ̀ pọ̀. Èmi kì í gbọ́ ọ mọ́, àfi ìgbà tó bá dákẹ́. Tó bá ti dákẹ́, màá ju aṣọ tí mo ń rán sílẹ̀, màá sáré jáde sí orí àtẹ̀gùn níbi tí wọ́n kan mítà mọ́, màá gbé bírékà tó jábọ́ gé iná sókè, màá wá dúró sẹ́nu ọ̀nà títí ẹ̀rọ á fi tún bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ìgbà yẹn ni èmi náà tó máa ń mí.

Ọkọ̀ ojú irin ni bàbá mi, Dobri, fi gbogbo ayé wọn wà. Èéfín àti sìgá jọ ba ẹ̀dọ̀fóró wọn jẹ́. Dókítà ò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n fún mi: tí ọ́síjìn bá gé lára wọn tó sì pẹ́ díẹ̀, wọ́n ti lọ nìyẹn. Sílíńdà ọ́síjìn kékeré kan wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, èyí tí à ń gbé dání tí a bá ń lọ sí ọsibítù, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú rẹ̀ ò tó nǹkan.

Oṣù kẹsàn-án ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni bírékà bẹ̀rẹ̀ wàhálà rẹ̀. Ọ̀sán ló sábà máa ń jábọ́. Mo sọ̀kalẹ̀ lọ bá onílé wa, Màmá Tsonka, tó ń gbé nísàlẹ̀ wa gan-an. (Mo mọ̀ pé àgbà ni. Inú ló ń bí mi tí mi ò fi pè é ní wọ́n.)

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, iná tún ti lọ."

"Iná ò lọ o, Zlatka. Ìwọ lo lé e lọ! Áyọ́ọ̀nù, ẹ̀rọ ìránṣọ, fíríìjì, gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Èmi àti ọkọ mi gbé inú ilé yẹn títí a fi hewú. Ṣé bírékà jábọ́ mọ́ wa lórí rí?"

Mo gbà á gbọ́. Ẹni tẹ́rù ń bà kì í bá onílé jà. Mo pa áyọ́ọ̀nù tì, bírékà jábọ́. Mo yọ fíríìjì, mo gbé wàrà àti wàràkàṣì sínú omi tútù, ó tún jábọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ rán aṣọ oníbàárà bí ẹni tí kò rí ẹ̀rọ rí. Nígbà tó yá, kò sí nǹkan kan lára iná nílé wa mọ́ ju ẹ̀rọ bàbá mi lọ, síbẹ̀ bírékà ò yé é jábọ́.

"Zlatka," bàbá mi ní, ikọ́ ń dá ẹ̀rín mọ́ wọn lẹ́nu, "kò mà sí ohun tó kù tó o máa yọ mọ́, àfi èmi."

"Bàbá, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀."

"Kí n má rẹ́rìn-ín ni? Ẹ̀rín ò kúkú lo iná."

Lọ́jọ́ kan mo jáde lọ ra búrẹ́dì. Nígbà tí mo padà, ìdákẹ́jẹ́ ló pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Mo gbé bírékà sókè, mo já wọlé. Bàbá mi jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n di igi fèrèsé mú, ọrùn wọn ń fà, ètè wọn ti dúdú. Wọn ò lè pe orúkọ mi. Wọ́n kàn ń wò mí ni, bí ọmọdé tó sọnù lọ́jà ṣe ń wo ojú ènìyàn. Mo bú sẹ́kún kí n tó rántí pé ó yẹ kí n fi rọ́bà ẹ̀rọ sí wọn nímú dáadáa.

Ẹkún yẹn ló gbé Màmá Tsonka gòkè wá.

"Mo ti mọ̀! Ẹ̀rọ yẹn ni! Ẹ̀rọ ikú lẹ gbé wọ ilé mi. Kí ẹ̀rọ yẹn jáde, àbí kí ẹ̀yin àti ẹ̀ jọ jáde!"

"Níbo la máa gbà, Màmá? Ta ló fẹ́ gba arúgbó tára ẹ̀ ò yá sílé?"

Ó wò mí, ó wo bàbá mi, ó wá ń fi etí ápírọ̀n nu ọwọ́ tí kò dọ̀tí. Kì í ṣe ènìyàn burúkú, ẹnu rẹ̀ ni kò ní ìjánu.

"Ó dáa, ó dáa. Má sunkún mọ́. Màá pe Zhivko, ọmọ àbúrò mi. Ó mọ̀ nípa iná."

Zhivko dé pẹ̀lú sìgá létí. Kò wo sọ́kẹ́ẹ̀tì, kò wo ògiri, kò bi mí ní ìbéèrè kan. Ó yọ bírékà tó wà níbẹ̀, ó fi èyí tó lágbára jù ú lọ fíìfíì rọ́pò rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ lọ fọkàn balẹ̀. Èyí tí mo fi síbẹ̀ yìí, tẹ́ ẹ bá so màlúù kọ́ ọ, kò ní jábọ́."

Mo dì mọ́ ọn. Mo fún un ní odindi ìgò jáàmù. Kò sì purọ́, bírékà ò jábọ́ mọ́. Mo dá fíríìjì padà sára iná, mo lọ aṣọ tó ti di òkìtì sílẹ̀, bàbá mi sùn, èmi náà sùn. Mo gbàdúrà fún Zhivko àti ìyá tó bí i.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan fún yín nípa ìlú wa. Kò sẹ́ni tó ń bẹ̀rù òórùn nǹkan tó ń jó ní Haskovo lóṣù kẹsàn-án. Oṣù tàtàṣé ni. Ilé gbogbo ló ń sun ún nínú ìkòkò tó ń lo iná mànàmáná kí òtútù tó dé, wọn á bó èèpo rẹ̀, wọn á dì í sínú ìgò. Obìnrin tí kò bá ní ìgò tàtàṣé nílẹ̀ nígbà yìnyín, àwọn aládùúgbò á ti pè é ní ọ̀lẹ. Òórùn èèpo tó ń jóná á bo àdúgbò, á wọ aṣọ, á wọ irun. Ọmọ ọwọ́ gan-an mọ̀ ọ́n.

Nítorí náà, nígbà tí mo gbóòórùn nǹkan tó ń jó ní yàrá bàbá mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni níbí á ṣe. Mo ti fèrèsé pa kí ó má baà fún wọn níkọ́, mo sì padà sídìí iṣẹ́ mi.

Òórùn ò dín kù, ńṣe ló ń pọ̀ sí i.

Mo dìde. Tàtàṣé wo ló ń jó nínú ilé tí mo ti fèrèsé rẹ̀ pa? Mo fa imú dáadáa. Lábẹ́ òórùn tàtàṣé, òmíràn wà níbẹ̀, òórùn rọ́bà. Mo gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri, mo ń tọ̀ ọ́ lọ díẹ̀díẹ̀. Lẹ́nu ọ̀nà ó tutù. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù ó lọ́wọ́ọ́wọ́. Níbi orí bẹ́ẹ̀dì bàbá mi, ó gbóná bí ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀.

"Kí ló dé?" bàbá mi bi mí.

"Ògiri ń gbóná, Bàbá."

Wọ́n ti lo ayé wọn nídìí ẹ́ńjìnnì, wọ́n mọ ohun tí ooru túmọ̀ sí. "Lọ pa iná."

"Ẹ̀rọ yín ńkọ́?"

Wọ́n wo ẹ̀rọ náà. Ẹ̀rù bà wọ́n, mo rí i kedere, wọn ò sì fi pa mọ́ fún mi. "Gbé sílíńdà yẹn wá. Kó o lọ pa á."

Rọ́bà já bọ́ lọ́wọ́ mi kó tó wọnú ẹnu sílíńdà. Mo sáré jáde. Bírékà tí mo ti fi gbogbo oṣù gbé sókè, ọwọ́ mi náà ni mo fi fà á wálẹ̀. Ẹ̀rọ bàbá mi dákẹ́.

Láti ìsàlẹ̀ pátápátá, láti yàrá abẹ́ ilé, ohùn kan gba àtẹ̀gùn bọ̀:

"Ta ló pa iná mi o? Tàtàṣé mi ò tíì jinná!"

Màmá Tsonka ni. Iná tirẹ̀ báwo? Fúláàtì kọ̀ọ̀kan ló ní yàrá ìkẹ́rùsí lábẹ́ ilé, ṣùgbọ́n nígbà tó fún wa nílé, ó ní tiwa kò sí lára ohun tí a gbà, òun ṣì ń lò ó. Mi ò bi ara mi léèrè rí pé níbo ni yàrá yẹn ti ń rí iná. Ìkòkò tàtàṣé àti fíríìsà ẹran rẹ̀, ilé wa ni gbogbo wọn ń gbà fa iná, wáyà rẹ̀ sì gba inú ògiri ẹ̀gbẹ́ orí bàbá mi kọjá.

Mo sáré padà wọlé kí n lè fa bẹ́ẹ̀dì kúrò lára ògiri. Mo ń gbọ́ bí ó ṣe ń gun àtẹ̀gùn bọ̀, tó ń ráhùn. Ó dé ibi mítà. Kí n tó la ẹnu, ó ti ṣe ohun tí gbogbo wa máa ń ṣe tí bírékà bá wà nílẹ̀. Ó gbé e sókè.

Ẹ̀rọ kùn. Bàbá mi tilẹ̀ fẹ́ rẹ́rìn-ín músẹ́. Ògiri dáhùn ní tirẹ̀, ta-ta-ta, bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn dúdú lójú mi, èéfín yọ lókè ìrọ̀rí.

"Màmá! Ẹ fà á wálẹ̀! Ẹ fà á wálẹ̀!"

"Kí n fa kí ni wálẹ̀? Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e..."

Mo ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù, díẹ̀ ló kù kó ṣubú, mo fa bírékà wálẹ̀. Mo di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, mo wọ́ ọ wọ yàrá, mo tẹ ọwọ́ rẹ̀ tí èèpo tàtàṣé sọ di dúdú mọ́ ògiri.

"Yéè!"

Ó fa ọwọ́ sẹ́yìn. Ó wo èéfín, ó wo ìrọ̀rí. Mo ń fi tówẹ̀lì tútù lu bébà tó ń jó, bàbá mi ń wo wá láti orí bẹ́ẹ̀dì, rọ́bà sílíńdà nímú wọn.

"Ọkọ mi ló fa wáyà yẹn," ó ní, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Nígbà tí à ń gbé níbí. Tẹ́lẹ̀, tí mo bá tan ìkòkò, bírékà máa ń jábọ́, màá dúró, ẹnìkan á gbé e padà. Nígbà tí Zhivko tún un ṣe, tí kò jábọ́ mọ́... mo bá tan ìkòkò méjì pọ̀. Zlatka, mo rò pé ó ti dáa ni."

Abẹ́rẹ́ òṣùwọ̀n sílíńdà ti ń sún mọ́ pupa, ọ́síjìn ti fẹ́ tán.

"Gbé wọn wá sílé mi," ó ní. "Gbé wọn bọ̀! Kí lò ń wò?"

Àga la fi gbé wọn. Ó di iwájú mú, ó ń fẹ̀yìn sọ̀kalẹ̀, arúgbó bíi tiẹ̀, ó ń sọ ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan pé, "Ẹ jọ̀ọ́, Dobri. Ẹ má bínú, Dobri." Bàbá mi ò lè dáhùn. Ètè wọn tún ti ń yí padà. Mo sáré gòkè lọ gbé ẹ̀rọ, mo sáré sọ̀kalẹ̀, mo kì í bọ ògiri Màmá Tsonka lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì òun fúnra rẹ̀. Ó kùn.

Zhivko dé kí ilẹ̀ tó ṣú, ó fọ́ ògiri yàrá bàbá mi. Wáyà ti yọ́ mọ́ra wọn nínú rẹ̀, igi orí bẹ́ẹ̀dì sì ti jó lẹ́yìn, níbi tí ojú ò dé. Ó wo ibẹ̀ títí. Kò dá àpárá kankan. Ó gé wáyà abẹ́ ilé kúrò pátápátá, ó yọ bírékà ńlá, ó sì fi kékeré padà sípò rẹ̀.

"Ìwọ náà lọ sinmi," Màmá Tsonka wí fún mi nírọ̀lẹ́ yẹn. Ó ti gbé àga onítìmùtìmù fún mi. "Ibí dáa. Ògiri tèmi dáa, mo fi Ọlọ́run búra."

"Ẹ ṣé, Màmá."

Ó jáde. Bàbá mi ti sùn. Ẹ̀rọ ń kùn, ètè wọn ti pọ́n padà. Mo gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí wọn. Ó tutù. Mi ò gbé ọwọ́ kúrò.