Àpò Àgékù Aṣọ

Ọ̀gá wa, Àlàájì Àlàó, gbọ́ lórí rédíò pé èéfín ń ba afẹ́fẹ́ jẹ́, ló bá ní a ò gbọdọ̀ dáná sun àgékù aṣọ mọ́ ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ wa ní Ìlá. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká máa sun ún o." Ó ní ọ̀lẹ ni mí. Ó kó gbogbo èyí tó wà lábẹ́ tábìlì sínú àpò, ó gbé e síta pé kí àwọn oníbàárà mú èyí tó bá wù wọ́n.

Ìyá Àsíìsì ló kọ́kọ́ tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ó fa odidi ọ̀pá kan yọ lára léèsì rẹ̀.

"Àlàájì, ṣebí ẹ ní aṣọ mi ò tó, tí ẹ fi rán apá péńpé fún mi?"

Ọ̀gá rọra yíjú sí mi. "Fáòsíátù, ìṣáná dà?"