Ọ̀dà Funfun Lórí Sáàmù

1.

…tí àwọn obìnrin ìjọ sì sá Bíbélì wọn sóòrùn lórí ògiri ìta bí ẹni sá èlùbọ́. Ọ̀dà kò tíì gbẹ lára wọn. Ewúrẹ́ kan na ọrùn, ó ń gbóòórùn Jẹ́nẹ́sísì.

Mọ́ládé dúró lẹ́nu géètì ṣọ́ọ̀ṣì, ó wò wọ́n, ó pòṣé. Ọdún gbọọrọ ló fi ṣe nọ́ọ̀sì nílùú Ìsẹ́yìn kí ó tó fẹ̀yìn tì. Òun ló ń darí ẹ̀kọ́ Bíbélì àwọn obìnrin. Ó mọ Sáàmù sórí láti òkè dé ilẹ̀. Lójú tirẹ̀, ẹni tó bá ń kun Bíbélì, kò rí nǹkan kà nínú rẹ̀ ni.


2.

ÌKÉDE
(wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì)

BÍBÉLÌ ALÁRÀBARÀ
Kíláàsì fún gbogbo obìnrin ìjọ. Lọ́sàn-án Sátidé.
Olùkọ́: Àǹtí Olúwafọlákẹ́mi, láti Ìbàdàn.
Ẹ mú wá: Bíbélì yín. Ọ̀dà. Búrọ́ọ̀ṣì. Gọ́ọ̀mù. Ìwé ìròyìn àtijọ́. Àjákù òfì. Omi tíì, kí ojú ìwé lè dà bí ohun tó ti gbó.
Ẹ má bẹ̀rù àṣìṣe. Ọkàn ni Ọlọ́run ń wò.

Ẹnìkan ti fi bírò kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀:

Ó ń wo ìwé náà pẹ̀lú.

Gbogbo ìjọ mọ ọwọ́ ìkọ̀wé Màmá Nọ́ọ̀sì. Bí wọ́n ṣe ń pe Mọ́ládé nìyẹn.


3.

Ohun tí Mọ́ládé rí ní kíláàsì, nígbà tó lọ jókòó sẹ́yìn láti ṣọ́ wọn:

Labalábá.
Labalábá.
Labalábá tó ní ìpéǹpéjú.
Obìnrin kan tó fi bọ́tìnì ṣe ojú fún Gòláyátì.
Jónà nínú ẹja. Ẹja náà ń rẹ́rìn-ín.
Ẹni tó ń fi omi tíì kun Ìwé Jóòbù kó lè dà bí ohun àtijọ́, bí ẹni pé àná ni Jóòbù dé.
Ìyẹ̀fun dídán lórí Gọ́lígọ́tà.
Faith, ìyàwó ọmọ òun, ní igun kan. Ó fi ẹ̀yìn bo ohun tó ń ṣe.


4.

WÁÀSÁÀPÙ ẸGBẸ́ OBÌNRIN

Àǹtí Fọlákẹ́: Ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ Ìyá Success lórí Ẹkún Jeremáyà. Ó rẹwà jọjọ.
Ìyá Success: Ògo ni fún Ọlọ́run 🌸🌸🌸
Tèmítọ́pẹ́: Ó dùn ún wò o
Màmá Nọ́ọ̀sì: Ẹ kú iṣẹ́. Kí ni orí náà ń sọ?

(Gbogbo wọn kà á. Kò sẹ́ni tó fèsì títí ilẹ̀ fi ṣú.)

Ìyá Success: Òdòdó ni, Mà


5.

Ẹ jẹ́ kí á sọ ti Faith.

Olùkọ́ ni ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Akíntọ́lá, ọmọ Mọ́ládé, ló fẹ́ ẹ. Lásìkò ọyẹ́ tó kọjá, oyún rẹ̀ ti wọ oṣù kẹjọ nígbà tí ọmọ inú rẹ̀ kò mira mọ́. Mọ́ládé ló gbé etí lé ikùn náà kí dókítà tó dé. Òun ló kọ́kọ́ mọ̀. Ó fa aṣọ bo ikùn náà.

Lẹ́yìn náà, ó fún Faith ní Sáàmù kan pé kó máa kà á láràárọ̀: èyí tó pe ọmọ inú ní èrè. Ó ní kó máa kà á títí ọkàn rẹ̀ yóò fi balẹ̀.

Faith ní, “Ẹ ṣé, Mà.”

Ó sì ń kà á. Mọ́ládé a máa gbọ́ ohùn rẹ̀ láti yàrá kejì. Inú Mọ́ládé dùn sí ara rẹ̀.


6.

Lọ́jọ́ tí wọ́n sá àwọn Bíbélì náà sórí ògiri, Mọ́ládé ṣí wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tí yóò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ ló ń wá. Ó kan ti Faith.

Kò sí labalábá níbẹ̀.

Ọ̀dà funfun ni. Ó ki. Ó bo ojú ìwé náà láti etí dé etí, ọ̀rọ̀ Bíbélì kan ṣoṣo kò yọjú. Láàrin rẹ̀, Faith fi òwú rán àjákù òfì pupa kan mọ́ ọn. Àjákù náà kò ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọ ìkókó lọ.

Mọ́ládé mọ òfì náà. Àlàárì ni. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí Ràsáàkì ahunṣọ hun ún, pé òun ni wọn yóò fi gbé ọmọ jáde lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ.

Ó wo ojú ìwé tó ṣáájú. Ó wo èyí tó tẹ̀lé e.

Sáàmù náà ni.


7.

MỌ́LÁDÉ: Ta ló ní kí o gé aṣọ yìí?
FAITH: Ẹ káàsán, Mà.
MỌ́LÁDÉ: Mo bi ọ́ ní nǹkan.
FAITH: Kò sẹ́ni tó máa lò ó mọ́, Mà.
MỌ́LÁDÉ: Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run dà lójú ìwé yìí?
FAITH: Ó wà lábẹ́.
MỌ́LÁDÉ: Kí ló ń ṣe lábẹ́?
FAITH: Mo ní kó dákẹ́ díẹ̀.

(Èsì yìí ló bí Mọ́ládé nínú jù.)


8.

Kó tó kúrò níbẹ̀, ó ya fọ́tò ojú ìwé náà. Ó fi ránṣẹ́ sí Alàgbà Ògúndìran, alága ìgbìmọ̀ ìbáwí:

Alàgbà, ẹ wo ohun tí ará Ìbàdàn yìí ń kọ́ àwọn obìnrin wa.

Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Àǹtí Fọlákẹ́ ni òun fẹ́ kí wọ́n lé lọ.

Kò wo igun ìsàlẹ̀ fọ́tò náà dáadáa. Àǹtí Fọlákẹ́ ti kọ́ wọn pé kí oníkálukú máa kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀.


9.

LÁTI Ọ̀DỌ̀ ÌGBÌMỌ̀ ÌBÁWÍ

Sí Arábìnrin Faith.
A rí i pé ẹ fi ọ̀dà pa Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run rẹ́. Ẹ fara hàn níwájú wa lọ́sàn-án Sátidé. Ẹ mú Bíbélì náà lọ́wọ́. Ẹ ó họ ọ̀dà náà kúrò níṣojú wa, ẹ ó sì ka Sáàmù náà sókè.
Ẹlẹ́rìí: Màmá Nọ́ọ̀sì.


WÁÀSÁÀPÙ ẸGBẸ́ OBÌNRIN

Àǹtí Fọlákẹ́: Ẹ jọ̀ọ́ o, ẹ̀ṣọ́ ni mo kọ́ wọn. N kò kọ́ ẹnikẹ́ni pé kó bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Ọlọ́run mọ ọkàn mi 🙏
Ìyá Success: Àmín 🌸

Mọ́ládé kà á, ó pòṣé. Òṣé náà kò dùn lẹ́nu rẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀.


10.

Ní Sátidé náà, Akíntọ́lá gbé ìyàwó rẹ̀ sẹ́yìn ọ̀kadà, ó gba iwájú ìyá rẹ̀ kọjá, kò kí i.


11.

Yàrá ìpàdé, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn ọkùnrin ìgbìmọ̀ to àga wọn sí ìlà kan bí ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò. Mọ́ládé àti Àǹtí Fọlákẹ́ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri; Akíntọ́lá ń dúró níta.

ÒGÚNDÌRAN: Faith, bíléèdì nìyí. Bẹ̀rẹ̀.

(Faith họ igun kan. Ọ̀dà ṣí. Ìwé bá a ṣí. Ihò kan kù síbẹ̀.)

ÒGÚNDÌRAN: Rọra.
FAITH: Mo rọra, Sà. Ìwé Bíbélì ló fẹ́lẹ́.
ÒGÚNDÌRAN: Ìyẹn ò kàn wá. Máa họ ọ́ lọ.

(Bíléèdì yọ̀, ó gé e níka. Ẹ̀jẹ̀ kán sórí ọ̀dà. Kí Mọ́ládé tó mọ̀, ó ti dìde, ó ti di ìka náà mú bó ṣe máa ń di ti aláìsàn mú. Faith fa ọwọ́ rẹ̀ yọ.)

ÒGÚNDÌRAN: Ó tó bẹ́ẹ̀. Kó ṣáà ka Sáàmù náà. Àǹtí, ẹ yá a ní Bíbélì yín.

(Àǹtí Fọlákẹ́ gbé tirẹ̀ wá. Sáàmù kò ṣí. Gọ́ọ̀mù ti lẹ gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ó fi èékánná wá etí ìwé náà títí. Ó ní ooru ló fà á.)

ỌMỌ ÌGBÌMỌ̀ KAN: Ó wà lórí fóònù mi.
ÒGÚNDÌRAN: A kì í fi fóònù báni wí. Màmá Nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin mọ Sáàmù sórí. Ẹ máa kà á, kó máa gbà á lẹ́nu yín.


12.

Ó wà lẹ́nu rẹ̀. Gbogbo rẹ̀.

Ó wo Faith. Ẹnu òun ni Faith tẹjú mọ́. Ó ń dúró de ọ̀rọ̀ náà bí ẹni tó ti ká apá aṣọ sókè de abẹ́rẹ́.

MỌ́LÁDÉ: Mo ti gbàgbé.
ÒGÚNDÌRAN: Ẹ̀yin?
MỌ́LÁDÉ: Èmi.
ÒGÚNDÌRAN: Odidi ẹ̀yin, Màmá?
MỌ́LÁDÉ: Àgbà ti dé, Alàgbà.

Àǹtí Fọlákẹ́ gbójú sókè, ó fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ́rìn-ín. Mọ́ládé mọ ẹ̀rín náà dáadáa. Ẹ̀rín yẹ̀yẹ́ tòun fúnra rẹ̀ ni.


13.

Alàgbà Ògúndìran ní kí ẹnikẹ́ni má lọ, òun fẹ́ lọ mú Bíbélì wá nílé Pásítọ̀. Àwọn yòókù jáde lọ gba atẹ́gùn.

Ó ku àwọn méjèèjì.

Mọ́ládé wà lórí ìdúró. Àga kan ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Faith. Báàgì Faith wà lórí rẹ̀.

MỌ́LÁDÉ: Ìka rẹ ńkọ́?
FAITH: Ó ti gbẹ, Mà.

Wọ́n gbọ́ ìró bàtà Alàgbà tó ń padà bọ̀ lórí òkúta wẹ́wẹ́.

Faith na ọwọ́, ó gbé báàgì náà kúrò.

Bóyá kí ìyá ọkọ rẹ̀ lè jókòó ni.

Bóyá ó ń lọ ni.