Orúkọ Tí Òpó Iná Gbé Mì

Àlá tí mo lá lóru àná, ẹ̀yin ènìyàn mi, láti ìgbà tí mo ti jí nínú rẹ̀ ni oúnjẹ ò ti lọ lọ́nà ọ̀fun mi. Ẹ jókòó dáadáa. Kọ́lápọ̀ àbúrò mi, ìwọ náà jókòó, torí wọ́n dárúkọ ẹ níbẹ̀.

Ẹ mọ rédíò mi. Ẹ sì mọ ariwo tó ń ti òpó iná àdúgbò wa wọ inú rẹ̀. Bí wọ́n bá ti mú iná dé báyìí, ṣììì, pàràpàrà, bí ẹni ń dín ẹran. Èmi Láwuyì ti sọ ọ́ sọ ọ́, ẹnu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Ta ló dá mi lóhùn? Wọ́n ní bàbá yìí fẹ́ràn rédíò jù.

Nínú àlá yìí, mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé mi lọ́sàn-án gangan, mò ń gbọ́ ìkéde òkú. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ní, "Pẹ̀lú ọkàn tó wúwo, ṣùgbọ́n pẹ̀lú ọpẹ́ sí Ọlọ́run, ni a fi ń kéde ikú bàbá wa, ọkọ wa, ẹ̀gbọ́n wa, Olóògbé..." Ló bá di ṣììì, pàràpàrà. Òpó ti gbé orúkọ mì. Nígbà tí ohùn fi máa padà já geere, ó ti kan àwọn tí òkú fi sílẹ̀: "Lára àwọn tó gbẹ̀yìn rẹ̀ ni Ìbídùn ìyàwó rẹ̀, Oyèyẹmí ọmọ rẹ̀ tó wà ní Ọ̀fà, Kọ́lápọ̀ àbúrò rẹ̀, àti rédíò kan."

Mo ní, họ́wù! Ìbídùn, ìyàwó mi ni. Oyèyẹmí, ọmọ mi ni. Gbogbo ilé ni wọ́n dárúkọ pátá, àfi èmi. Ọkàn mi ò balẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n mo tún rò ó pé ayé gbòòrò, Ìbídùn pọ̀ nínú rẹ̀, ó lè jẹ́ ilé ẹlòmíràn. Ohun tó yẹ ni kí n kọ́kọ́ pa ariwo yẹn, kí wọ́n tún ìkéde náà ṣe, kí n gbọ́ orúkọ.

Rédíò wò mí lójú. Ó ní, "Bàbá, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Ọ̀fun tèmi mọ́. Ẹ gbé mi ká máa lọ láti ìdí òpó dé ìdí òpó. Ibi tí mo bá ti pariwo jù, ibẹ̀ ni àìsàn wà."

Mo ní ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n nìyẹn. Mo gbé e há abíyá, a ń lọ. Ní ìdí òpó iwájú ilé alágbẹ̀dẹ, jẹ́ẹ́ ni rédíò ń mí. Nígbà tó kan ti ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Bí a ṣe dé ìdí òpó ẹ̀yìn ilé-ìwé, ó figbe ta, ó fò gun orí mi. Òpó náà ń họra láìdúró. Mo dọ̀bálẹ̀ kí i, torí ó dàgbà jù mí lọ.

Ó ní, "O kú ìrìn, Láwuyì. O kú ará fẹ́ra kù."

"Ta ló kú, sà?"

"Orúkọ rẹ̀ há mi lọ́fun, kò lọ, kò bọ̀. Ife tánganran tó gbé wáyà sókè lórí mi ló là. Iná ń jò gba ojú ibẹ̀, ó ń yún mi, ni mo fi ń pariwo."

Mo ní kó pọ̀ ọ́ síta. Ó ní ó tì o, àwọn òṣìṣẹ́ iná nìkan ló lè fọwọ́ kan òun.

Ọ́fíìsì àwọn òṣìṣẹ́ iná léfòó sókè oko ẹ̀gẹ́ kan. Wọ́n fi wáyà so ó mọ́ igi agbálùmọ̀ kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e lọ. Mo ní wọ́n gbọ́n, ilẹ̀ ti wọ́n jù láyé ìsinsìnyí. Wọ́n sọ garawa kalẹ̀, mo jókòó sínú rẹ̀, wọ́n fà mí gòkè bí omi kànga.

Ọ̀gá wọn ń jẹ́ Ọ̀gá Ọdẹ́yalé, ọkùnrin gbọ̀ngbọ̀nràn kan tó ń mu tíì. Ó ní, "Ṣé ìwọ lo kú ni?"

"Ohun tí mo wá mọ̀ nìyẹn, sà."

"Ẹjọ́ ẹ le. Bí o bá ti kú, òkú kì í fẹjọ́ sùn níbí, kí ìyàwó ẹ wá. Bí o ò bá tíì kú, kí lo ń wá orúkọ ẹ kiri nínú ìkéde òkú fún?"

Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀? Ṣùgbọ́n inú bí mi, inú bí mi gan-an. Mo ní, "Ẹ gbọ́, sà. Ikú kọ́ ló ń dẹ́rù bà mí. Ìbídùn ni mò ń rò. Kò lè dá sùn nínú ilé, ẹ̀rù máa ń bà á. Bó bá jẹ́ èmi ni mo kú, kí n tètè mọ̀, kí Oyèyẹmí wá mú un lọ sí Ọ̀fà kí ilẹ̀ tó ṣú."

Ọ̀gá Ọdẹ́yalé dorí kodò, ó ń nu ojú. Nígbà tó máa gbé orí sókè, irùngbọ̀n ti hù, ìwo ti yọ, ó ti di òbúkọ. Akọ̀wé rẹ̀ ò tilẹ̀ yíjú. Ó ní bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn tí ọ̀rọ̀ bá wọ̀ wọ́n lára. Mo ní ẹ kú iṣẹ́, sà. Ó ní mèèè. Kọ́lápọ̀, mi ò ní kó o rẹ́rìn-ín o.

Òbúkọ jẹ wáyà tí wọ́n fi so ọ́fíìsì já. Ni ọ́fíìsì bá gbéra, ó ń gbé wa lọ lókè òrùlé ilé àwọn èèyàn, títí a fi dé ìdí òpó yẹn. Ìbídùn ló dúró síbẹ̀, aṣọ dúdú lọ́rùn, ó káwọ́ lérí.

Ó ní, "Níbo lo lọ? Èèyàn ń ṣọ̀fọ̀ ẹ, ìwọ ń gun ọ́fíìsì kiri!"

"Ṣé wọ́n ti ní èmi ni?"

"Wọn ò tíì sọ. Mo kàn ti ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀fọ̀ sílẹ̀ ni."

Òbúkọ ti fò gun orí òpó. Ó fi ẹnu yọ ife tó là dànù, ó fi ife tíì rẹ̀ rọ́pò, ó fi eyín so wáyà náà le pinpin. Ariwo dákẹ́. Gbogbo àdúgbò pa lọ́lọ́. Òpó wúkọ́, ó ní ara tu òun. Orúkọ náà jábọ́ sínú rédíò, ṣùgbọ́n sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ò kà á bí ìkéde mọ́. Ńṣe ló ń pè é: "Láwuyì! Láwuyì o!"

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé a kì í jẹ́ ìpè lójú àlá. Ẹni tó bá dáhùn ti bá wọn lọ nìyẹn. Mo fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Ó tún pè mí, ohùn náà ń sún mọ́ mi.

Mo lajú, ilẹ̀ ti mọ́. Ìpè ò sì dáwọ́ dúró: "Bàbá Oyèyẹmí! Láwuyì!" Ìbídùn ni, tí kì í pe orúkọ mi láti ọjọ́ tí mo ti gbé e níyàwó. Ta ló máa sọ fún mi pé àlá ti tán? Mo la ojú sílẹ̀ rangandan, mo pa ẹnu dé. Ó gbá mi mú, ó ń jì mí, ó figbe bọnu: "Yé! Ẹ gbà mí o! Ẹ wá bá mi wo ọkọ mi!" Omijé rẹ̀ kán sí mi létè. Ó gbóná, ó sì níyọ̀. Ìgbà yẹn ni mo tó ní, "Mo wà ńbí."

Ó gbá mi létí. Lẹ́yìn náà ló dì mọ́ mi, ni mo bá rọ́ gbogbo rẹ̀ fún un.

Bí mo ṣe ń rọ́ ọ lọ́wọ́ ni mo gbọ́ ohùn èèyàn lẹ́yìn ilé-ìwé. Àwọn òṣìṣẹ́ iná ti dé, wọ́n ti fi àkàbà ti òpó. Mo ró aṣọ ìbora mọ́dìí, mo sáré bọ́ síta. "Ẹ dákun, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ fi òpó yẹn sílẹ̀! Ẹ jẹ́ kó máa pariwo rẹ̀!"

Ọ̀kan nínú wọn ní, "Bàbá, ṣebí ẹ̀yin lẹ ò jẹ́ ká sinmi pé ká wá tún un ṣe?"

Mo ní mo mọ̀, mo ti yí ọkàn padà. Ìbídùn ti dé ẹ̀yìn mi, ó ṣì ń nu ojú.

Ó ní, "Ẹ má dá a lóhùn, ẹ máa gòkè. Ọjọ́ tí wọ́n bá pe orúkọ rẹ̀ nínú rédíò, èmi ni n óò jẹ́ ìpè náà. N óò ní kò sí nílé."